Kòkòrò tó ní ẹ̀mú nídìí, ṣé lóòótọ́ ló ń wọ etí?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń rí kòkòrò kan ní balùwẹ̀ wa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣe bíráùn, ó wá ní nǹkan méjì nídìí tó dà bí ẹ̀mú. Tí mo bá ṣáà ti tan iná lóru báyìí màá rí i tó ń sá wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ìnusẹ̀. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé tèèyàn bá sùn ó máa ń wọ etí, á sì lu ihò títí dé ọpọlọ. Mo ní ọmọ kékeré nílé o, látìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mi ò rí oorun sùn mọ́, òwú ni mo fi ń dí etí ọmọ ní alaalẹ́. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Kékeré

ÌDÁHÙN: Ìyá Kékeré, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ òwú yẹn kúrò létí ọmọ lónìí ná, torí òwú yẹn gan-an ló léwu ju kòkòrò lọ, ó lè há sínú etí, ọmọ sì lè fà á yọ kó kì í bọ ẹnu.

Kòkòrò tẹ́ ẹ ń rí yẹn lòyìnbó ń pè ní earwig. Ìtàn tí wọ́n sọ fún yín yẹn ti wà láyé tipẹ́, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń sọ ọ́, àmọ́ irọ́ ni. Kò lágbára àtilu egungun, kò sì sí nǹkan kan tó ń wá lọ sínú etí èèyàn. Ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tó há mọ́ ọn lára ló fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń bá a lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Kòkòrò èyíkéyìí lè ṣèèṣì wọ etí lóòótọ́, aáyán wà lára èyí táwọn dókítà máa ń bá níbẹ̀ jù. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ sẹ́nikẹ́ni, ẹ má ki igi bọ̀ ọ́, ẹ má ki ìṣáná, ẹ má ki òwú orí igi yẹn náà, ńṣe lẹ máa tì í wọlé sí i. Àgbàlagbà tétí ẹ̀ ò dun tẹ́lẹ̀, tí kò lu, tí kò ṣọyún, lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí wọ́n kán òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ sí i kí kòkòrò náà kú, lẹ́yìn náà kó lọ bá dókítà. Tọmọdé ni o, ẹ tètè gbé e lọ sọ́sibítù tààrà.

Ẹ̀mú ìdí ẹ̀ ńkọ́? Ó fi ń gbèjà ara ẹ̀ ni, ó sì tún fi ń mú kòkòrò míì jẹ. Ti akọ máa ń tẹ̀ kọdọrọ, ti abo máa ń gún régé. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ mú un ó lè fún yín lọ́wọ́, á ta yín díẹ̀, ó tán. Kò ní oró bíi ti àkeekèé, kì í sì í kó àrùn ranni.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ torí pé abiyamọ lẹ̀yin náà. Ọ̀pọ̀ kòkòrò, tó bá ti yé ẹyin á bá tiẹ̀ lọ, àmọ́ eléyìí á gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, á yé bí ẹyin 30 sí 50, á wá jókòó tì í, á máa lá a lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa bu, ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn á bá a jà, tí wọ́n bá pa tán náà á ṣì dúró ti àwọn ọmọ fúngbà díẹ̀. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí ẹ̀.

Ẹ má wá ṣì í mú fún èyí tó léwu lóòótọ́ o. Kòkòrò kékeré kan wà, òun náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa ó sì dúdú létíletí bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún, kò ní ẹ̀mú nídìí, iná ló máa ń tẹ̀ lé wọlé lálẹ́. Ìyẹn kì í ta èèyàn, àmọ́ téèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ara, omi inú ẹ̀ máa jó awọ, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ara á ti máa pọ́n, á sì lé ròrò. Ẹ fẹ́ ẹ dànù ni, ẹ má gbá a, tó bá ti fọ́ sára yín ẹ yáa fi ọṣẹ àtomi fọ ibẹ̀ kíákíá, ẹ má sì fọwọ́ yẹn kan ojú.

Ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa lé earwig yín. Ìta ló ti ń wá, kì í sábà bímọ sínú ilé, omi ló ń wá kiri. Torí náà ẹ wo ìdí síńkì, ẹ wo ẹsẹ̀ páìpù, ṣé kò sí èyí tó ń jò? Ẹ sá kápẹ́ẹ̀tì yẹn sóòrùn kó gbẹ, ẹ máa ṣí fèrèsé balùwẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ jáde lọ wo ara ògiri níta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ibẹ̀ lẹ máa bá wọn: ewé gbígbẹ tó kóra jọ, pákó, búlọ́ọ̀kù, ìkòkò òdòdó. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ kúrò, kí ilẹ̀ tó bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 wà lófìfo, ní gbígbẹ, yí ilé ká. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ibi tó bá ti sán, ẹ dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Èyí tẹ́ ẹ bá rí nínú ilé, ẹ gbá a sínú omi ọṣẹ.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbin òdòdó àti ewébẹ̀ sẹ́yìnkùlé, nǹkan ti jẹ ewé ẹ̀ yánkayànka, mo sì rí irú kòkòrò oníẹ̀mú yẹn lábẹ́ ẹ̀. Ṣé kí n pa gbogbo wọn ni? – Bàbá Olódòdó

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ má tíì pa wọ́n. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì jáde lóru kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ẹni tó ń jẹ ẹ́, torí ìgbín àti ìgbín aláìníkarahun náà ń jẹ ewé, àmọ́ àwọn yẹn máa ń fi itọ́ tó ń dán sílẹ̀. Lóòótọ́ earwig ń jẹ ewé rírọ̀ àti òdòdó, ó sì lè run irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, àmọ́ ó tún ń jẹ àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ara ewé mu. Kódà àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ápù máa ń ṣe ibùgbé fún un sórí igi kó lè máa bá wọn jẹ wọ́n. Tó bá wá pọ̀ jù, ẹ ká pépà ìròyìn, ẹ fi omi rin ín, ẹ fi sí ìdí ewé náà tílẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á wọnú ẹ̀, tó bá di àárọ̀ ẹ gbọ̀n wọ́n sínú omi ọṣẹ. Ẹ sì máa bomi rin oko láàárọ̀, ẹ fi ti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, kílẹ̀ lè ti gbẹ kó tó di alẹ́ tí wọ́n ń jáde.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ṣé kí n kàn fọ́n oògùn apakòkòrò sí gbogbo ilé ni? – Àbúrò yín

ÌDÁHÙN: Rárá o, àbúrò mi. Èyí tó wà nínú ilé lo máa pa, tìta á tún wọlé tí ibẹ̀ bá ṣì tutù, ìwọ lo máa wá máa fa oògùn símú. Tó o bá ti fọ́n ọn tẹ́lẹ̀, ṣí gbogbo fèrèsé, nu gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti ń gbé oúnjẹ lé, kó o sì fọ ilẹ̀ ibi tí ọmọ ti ń rákò kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀ níbẹ̀.