Kí ló dé tí wọ́n fi ń ní ká fi ẹ̀kọ mu àgúnmu?

Àǹtí Kubwa, ẹ ní ìyá ọkọ yín fi àgúnmu ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ẹ̀kọ gbígbóná ni kẹ́ ẹ máa fi mu ún, ẹ wá ń béèrè pé kí ni ẹ̀kọ fẹ́ ṣe níbẹ̀ àti pé ṣé kókó táwọn Hausa ń tà láàárọ̀ ò lè rọ́pò ẹ̀. Ó lè rọ́pò ẹ̀ jàre, àmọ́ ata àti atalẹ̀ sábà máa ń wà nínú kókó, ẹni tí ọ́lsà ń yọ lẹ́nu kó yáa wá ẹ̀kọ.

Ṣé ẹ rí i, tẹ́ ẹ bá da àgúnmu sómi, òmíì á léfòó, ìyókù á rì sídìí ife. Ẹ̀kọ ki, ó ń gbé e dání, gbogbo ẹ̀ á wọlé pọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń po ògì lórí iná, omi funfun lásán ni o, àfi kó ṣàdédé ki, tó bá tutù ó di, torí sítáàṣì inú ẹ̀ ti fa omi mu, ó wú, ó bẹ́, ó so kọ́ra. Ohun tó bá gba omi sára báyẹn láì yọ́ dànù làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní hydrogel, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbé oògùn lọ síbi tó yẹ nínú ara.

Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má wá sọ pé bàbá wa ló ṣe é ṣáájú òyìnbó o! Ẹ̀kọ ò mọ ibi tó ń lọ, àtẹnu ni itọ́ ti ń jẹ ẹ́. Ti láàbù ló mọ̀nà. Wọ́n ń fa alginate yọ lára koríko òkun, wọ́n á fi calcium so ó pọ̀, tó bá dénú ikùn níbi tí ásíìdì ti le (pH, ìyẹn ìwọ̀n ásíìdì, 1 sí 3; bó ṣe ń kéré sí i ni ásíìdì ń le sí i) ṣe ló máa sún kì mọ́ oògùn, ó dìgbà tó bá dé ìfun tí pH ti tó 6 sí 7 kó tó wú, kó wá tú ẹrù ẹ̀ sílẹ̀. Chitosan ara èèpo edé àti alákàn, òdì kejì ni, inú ásíìdì lòun ti ń wú. Èyí tó wú mi lórí jù ni pectin inú èèpo ọsàn, torí àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá ló ń jẹ ẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dì í mọ́ oògùn tó yẹ kó dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kárò, ìyẹn oje igi tí òyìnbó ń pè ní gum arabic, tí wọ́n ń kó wá láti Yobe àti Jigawa náà wà lára ohun tí wọ́n ń dán wò.

Àgúnmu nìkan ni kẹ́ ẹ fi ẹ̀kọ mu o. Omeprazole, oògùn ọ́lsà, fún àpẹẹrẹ, wọ́n ti fi nǹkan bo àwọn hóró inú kápúsù ẹ̀ kí ásíìdì má bàa bà á jẹ́, ẹ wá rí ẹni tó máa lọ̀ ọ́ kúnná pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ fún màmá àgbà. Oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Tí wọn ò bá lè gbé kápúsù mì, ẹ kọ́kọ́ bi oníkẹ́míìsì, kẹ́ ẹ sì dárúkọ àgúnmu yẹn fún un.