Ta ló ni ṣíà tó pọ̀ jù, ta ló sì láṣẹ? Ìdáhùn sí lẹ́tà yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ Aláre àti gbogbo èèyàn wa ní Rẹ́mọ. Látìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ nípa báwọn èèyàn ṣe ń fi fóònù ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú kọ́ńpìnnì, lókè òkun ni lẹ́tà ò ti dáwọ́ dúró, ibì kan náà lọ̀pọ̀ ẹ̀ sì forí lé: áàpù á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn iléeṣẹ́ ìdókòwò ló ni pásẹ́ǹtì báyìí, àwọn ará inú kọ́ńpìnnì, ìyẹn àwọn ọ̀gá àti dárẹ́kítọ̀ ẹ̀, ló ni pásẹ́ǹtì báyìí, kí wá lèèyàn fẹ́ fìyẹn ṣe? Mo mú márùn-ún, mo sì gé àwọn tó gùn kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ni mí ní Ṣágámù. Mo fẹ́ fi owó díẹ̀ ra ṣíà Apple, mo wá rí i lórí áàpù pé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ni èyí tó ju ìdajì lọ, àwọn ọ̀gá tó ń darí ẹ̀ ò sì ní tó pásẹ́ǹtì kan. Ṣé kì í ṣe pé àwọn tó mọ inú ẹ̀ ti sá jáde? Ọkọ mi ní tó bá dáa ni, àwọn fúnra wọn ni ì bá kó o.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú o, àǹtí nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó sá. Apple ti wà lọ́jà ṣíà láti December 1980, ṣíà ẹ̀ tó wà níta ju bílíọ̀nù 14 lọ, èèyàn mélòó ló fẹ́ lówó tó lè dá ra pásẹ́ǹtì kan nínú ìyẹn? Tim Cook tó gba ìdarí ẹ̀ ní 2011, ṣíà tó wà lórúkọ ẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 3, tẹ́ ẹ bá pín in, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi owó ọjà ṣírò ẹ̀, ó ju 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ẹni tí irú owó yẹn ń bẹ lọ́rùn ẹ̀, tí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, á dùn ún wọnú eegun. Nínú kọ́ńpìnnì tó ti dàgbà tó báyìí, iye owó tí ọ̀gá ní síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ fi wé owó tí wọ́n ń san fún un lọ́dún, ẹ fi pásẹ́ǹtì sílẹ̀. Kọ́ńpìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọjà ni pásẹ́ǹtì ti ń sọ̀rọ̀, torí tí olùdásílẹ̀ ẹ̀ bá ti tà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín ọdún méjì, ó yẹ kẹ́ ẹ fura.

Ọ̀rọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Vanguard àti BlackRock, àwọn iléeṣẹ́ tó ń báni tọ́jú owó, lẹ máa bá lókè nínú orúkọ àwọn tó ni ṣíà Apple, ẹ lọ wo Microsoft, àwọn náà ni, ẹ lọ wo Amazon, wọ́n wà ńbẹ̀. Owó yẹn kì í ṣe tiwọn. Bí alájọ tó ń gbowó kiri ọjà Òkè-Ajé ni, àpò ẹ̀ á wú bọ̀ǹbọ̀, àmọ́ owó oníṣòwò ló wà nínú ẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ Vanguard àti BlackRock sì ni owó pẹ́ńṣàn tíṣà àti ti dẹrẹ́bà, àti ti ìyá tó ń fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ torí owó ilé-ìwé ọmọ. Èyí tó sì pọ̀ nínú owó náà, inú ìkójọ (àpò owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn dá jọ) tó ń tẹ̀ lé S&P 500 ló ń lọ, ìyẹn àkọsílẹ̀ nǹkan bí 500 kọ́ńpìnnì ńlá Amẹ́ríkà. Tí kọ́ńpìnnì bá ti wà lórí àkọsílẹ̀ yẹn, dandan ni kí wọ́n rà á, bó wù wọ́n bí ò wù wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni Vanguard ti ń ṣe é láti 1976. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé Vanguard ní pásẹ́ǹtì 8 tàbí 9 níbì kan, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan jókòó, ó yẹ iṣẹ́ náà wò, ó sì ní ó dáa.

Ẹni tó ń yàn ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò. Berkshire Hathaway, iléeṣẹ́ ìdókòwò Warren Buffett, bẹ̀rẹ̀ sí í ra Apple ní 2016, àwọn ló fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fipá mú wọn, ní 2024 wọ́n tún ta èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìyẹn ní ìtumọ̀. Àmọ́ ìròyìn yẹn náà máa ń pẹ́ kó tó dé, torí òfin Amẹ́ríkà sọ pé iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ṣíà tó tó 100 mílíọ̀nù dọ́là gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ní sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí oṣù mẹ́ta náà bá parí. Ohun tó rà ní January, ó lè di àárín May kẹ́ ẹ tó rí i, ó sì lè jẹ́ pé ó ti tà á kẹ́ ẹ tó rí i.

ÌBÉÈRÈ: Aṣọ ni mò ń tà n'Íjẹ̀bú-Òde. Àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa dáwó jọ ra Amazon. Akọ̀wé wa wá gbé skrinṣọ́ọ̀tì kan wá sórí WhatsApp pé Jeff Bezos tó dá Amazon sílẹ̀ ta 50 mílíọ̀nù ṣíà, pé ká tètè ta tiwa kó tó bàjẹ́. Ìjà ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ẹ dá sí i.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, akọ̀wé yín ò purọ́, àmọ́ ó ku ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀. Lóòótọ́ ni Bezos ta 50 mílíọ̀nù ṣíà Amazon, February 2024 ni, owó ẹ̀ sì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 8.5 dọ́là. Ohun tí skrinṣọ́ọ̀tì ò fi hàn ni pé ó ti kọ ètò títà yẹn sílẹ̀ ṣáájú, gbogbo ayé ló sì mọ̀, òfin sì fàyè gba ará inú kọ́ńpìnnì láti ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má bàa ní ó fi àṣírí ṣòwò. Lẹ́yìn tó tà á tán, òun náà ṣì ni èèyàn tó ní ṣíà Amazon jù lọ. Nígbà tí 2024 fi máa parí, owó ṣíà kan ti ju iye tó tà á lọ dáadáa. Ẹni tó bá sá ní February yẹn torí Bezos, ó sáré kúrò nídìí ọbẹ̀ tó ń jinná lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó hàn yín. Ọ̀gá tàbí dárẹ́kítọ̀, tàbí ẹni tó ní ju pásẹ́ǹtì 10 lọ nínú kọ́ńpìnnì Amẹ́ríkà, tó bá rà tàbí tó tà, ó gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Form 4 ránṣẹ́ sí SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ṣíà, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Ọ̀fẹ́ ni kíkà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú fọ́ọ̀mù náà, níwájú iye ṣíà, lẹ́tà kan ṣoṣo wà ńbẹ̀, lẹ́tà yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí A, kọ́ńpìnnì ló fún un bí owó iṣẹ́, kò fi kọ́bọ̀ ẹ̀ rà á. F, wọ́n yọ díẹ̀ nínú ẹ̀ fi san owó orí. G, ó fi ta ẹnì kan lọ́rẹ ni, ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀, ó lè jẹ́ ilé àánú. S, ó tà á. P, ó bọ́ sọ́jà bíi tèmi tìẹ, ó fi owó àpò ara ẹ̀ rà á.

P yẹn ni kẹ́ ẹ máa wá. Ìdí tí èèyàn fi ń tà pọ̀: ẹlòmíì fẹ́ kọ́lé, ẹlòmíì fẹ́ san owó orí, ẹlòmíì pín ohun ìní pẹ̀lú ìyàwó tó kọ ọ́ sílẹ̀ (Bezos fúnra ẹ̀ fi pásẹ́ǹtì 4 Amazon sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀ ní 2019, kò sóhun tó kan iṣẹ́ kọ́ńpìnnì nínú ìyẹn). Àmọ́ tí dárẹ́kítọ̀ mẹ́ta mẹ́rin bá ń fi owó ara wọn rà láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà nígbà tí owó ṣíà ń já wálẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n rí. Mi ò ní kẹ́ ẹ má tà o, tẹ́ ẹ bá nílò owó ẹ tà, àmọ́ kó má jẹ́ torí skrinṣọ́ọ̀tì. Kẹ́ ẹ sì sọ fún akọ̀wé pé tó bá tún gbé irú ẹ̀ wá, kó kọ lẹ́tà inú fọ́ọ̀mù náà sí i lára.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Ẹ̀gbọ́n, mo rí kọ́ńpìnnì kan tí áàpù kọ pé iléeṣẹ́ ìdókòwò ló ni pásẹ́ǹtì 104 nínú ẹ̀, ṣé áàpù yẹn ò ya wèrè? Èkejì, báwo ni Mark Zuckerberg ṣe ní nǹkan bíi pásẹ́ǹtì 13 nínú Meta tó ni Facebook, síbẹ̀ tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè lé e?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, orí ẹ pé. Ti 104 yẹn ò le. Àwọn kan máa ń yá ṣíà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n á tà á fún ẹlòmíì, pẹ̀lú èrò pé owó ẹ̀ máa wálẹ̀ kí wọ́n tó rà á padà. Ẹni tó yáni ṣì ń kà á mọ́ tiẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á náà ń kà á, ṣíà kan ti di méjì nínú ìwé. Fi ti pé ọjọ́ tí kálukú kọ tiẹ̀ ò bára mu kún un. Tó o bá ti rí iye tó kọjá 100, àwọn tó ń retí kó já wálẹ̀ lè pọ̀ ńbẹ̀, rọra.

Ti Zuckerberg ló wúwo. Jẹ́ ká fi iye kékeré ṣe é. Ká ní ṣíà 100 ni kọ́ńpìnnì ní. Olùdásílẹ̀ ní 13, àwa tó kù ní 87. Àmọ́ ṣíà olùdásílẹ̀ yàtọ̀, ìbò 10 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tiwa jẹ́ ìbò 1. Ó ti ní ìbò 130, gbogbo wa lápapọ̀ ní 87. Pín 130 sí 217, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Vanguard ì báà pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí wọ́n bá dìbò, òun ló wọlé. Bí Meta ṣe rí gan-an nìyẹn láti ìgbà tó ti wọ ọjà ní May 2012. Google náà ń ṣe é: ṣíà ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GOOGL ní ìbò 1, èyí tí wọ́n ń pè ní GOOG ò ní ìbò rárá, èyí tó ní ìbò 10 kì í dé ọjà, ọwọ́ Larry Page àti Sergey Brin tó dá Google sílẹ̀ ló wà jù. Snap tó ni Snapchat wá ju gbogbo wọn lọ, nígbà tó wọ ọjà ní 2017, ṣíà tí ò ní ìbò kankan ló tà fún aráàlú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ó ń jẹ́ kí olùdásílẹ̀ lè ronú jìnnà. Èmi ò gbà. Ẹni tí wọn ò lè bi léèrè, ọjọ́ tó bá ṣìnà, owó àwọn ẹlòmíì ló máa fi ṣìnà. Òfin kọ́ńpìnnì tiwa ní Nàìjíríà, CAMA, ò fàyè gbà á, ìbò kan ni fún ṣíà kan, inú mi sì dùn sí òfin yẹn gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, ọmọ ìlú wa ló ni Glo, Glo là ń rí ní Ojúde Ọba. Kí ló dé tí mi ò rí ṣíà ẹ̀ rà?

ÌDÁHÙN: Torí kò sí lọ́jà ni. Globacom ti Mike Adenuga kò forúkọ sílẹ̀ ní ọjà ṣíà Nàìjíríà, NGX, torí náà kò sí ṣíà tí bróókà, ìyẹn alágbàtà ṣíà, lè rà fún yín, iléeṣẹ́ náà ò sì ní láti máa kọ iye tí kálukú ní sínú ìwé faráyé rí. Tẹ́nikẹ́ni bá wá ní òun ń ta ṣíà Glo fún yín, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí n'Íkẹ́nnẹ́. Mo ra MTN nígbà tí wọ́n tà á fún aráàlú. Ibo ni mo ti lè mọ ẹni tá a jọ ni ín?

ÌDÁHÙN: Ẹ káàbọ̀ sídìí ẹ̀, sà. Ìgbà yẹn, December 2021, ₦169 ni wọ́n ta ṣíà kan, 575 mílíọ̀nù ni wọ́n gbé jáde, ẹni tó bá sì ní owó ṣíà 20, ìyẹn ₦3,380, lè wọlé. MTN Group ti South Africa ló ni nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin MTN Nigeria, ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn ló ń yan ẹni tó wù wọ́n sí bọ́ọ̀dù, tá a bá tiẹ̀ kó gbogbo ìbò àwa tó kù jọ. Ohun kejì tó ń tìdí ẹ̀ yọ ni pé èyí tó kù tó ń yí kiri ọjà ò pọ̀, torí náà owó kékeré lè ti iye ẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ti Airtel Africa tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń tà á jù, l'Ékòó ó lè wà fún ọjọ́ pípẹ́ kí iye ẹ̀ má yí rárá.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i ni ìwé ọdún MTN, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn àti ti NGX. Ẹ má ka àwòrán àti ọ̀rọ̀ alága, ẹ wá ojú ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn dárẹ́kítọ̀ sí, iye ṣíà kálukú wà níwájú ẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí, èyí tó wà lórúkọ ara ẹ̀ àti èyí tó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì tàbí kọ́ńpìnnì míì ní in, ọdún yìí àti ọdún tó kọjá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ lè rí ẹni tó dín in kù. Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa rí àwọn tó ní pásẹ́ǹtì 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ tí Nominees wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ń dì í mú fún àwọn ẹlòmíì ni. Tí dárẹ́kítọ̀ bá rà tàbí tó tà láàárín ọdún, NGX máa ń gbé e jáde, orúkọ, ipò, iye àti ọjọ́. Nígbà tí ìṣirò bá sì kù díẹ̀ kó jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, kò sí rírà kò sí títà fún ará inú títí yóò fi pé wákàtí 24 lẹ́yìn tí ìṣirò bá jáde.

Ohun kan tún wà tẹ́ ò béèrè, sà. Owó pẹ́ńṣàn yín, tó bá wà lọ́wọ́ PFA, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn, bọ́ǹdì ìjọba (owó tí wọ́n yá ìjọba) ló gba apá tó pọ̀ jù nínú irú owó bẹ́ẹ̀, àmọ́ díẹ̀ máa ń wà nínú ṣíà, ẹ̀yin náà wà lára àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí áàpù ń kà yẹn. Ẹ lè kọ̀wé sí wọn kí wọ́n sọ ìkójọ tí owó yín wà fún yín. Tí ìwé ìpàdé ọdún MTN bá sì dé, ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ní ṣíà kan ṣoṣo láṣẹ láti wọlé àti láti dìbò, tí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣojú yín sínú fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ìwé náà, ẹ sì fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé.