Ṣé kí n ra línkéèjì sitabiláísà olówó ńlá fún mọ́tò kékeré mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mọ́tò kékeré ni mo ní, táyà iwájú ló ń fà á, mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mi ò sì fi ń sáré ìje, ibi iṣẹ́ àti ọjà náà ni mo fi ń lọ. Ó ti ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ níwájú tí mo bá ń rọra lọ lórí títì tí ò dáa, mẹkáníìkì ní línkéèjì sitabiláísà ti lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì, ó fi ọ̀kan hàn mí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀, téèyàn lè yí gùn kó tún yí i kúrú, owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti lásán, ó ní tí mo bá fi sí i mọ́tò á máa di ilẹ̀ mú ní kọ́nà. Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n fi ti lásán sí i?

Ìdáhùn: Ẹ fi ti lásán sí i, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe àdàmọ̀dì. Ẹni tó bá ń kánjú lè gbé ìyẹn lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ráyè, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó wọnú, torí ọ̀rọ̀ yìí ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn ò sì rí nǹkan kan fi hàn fún un.

Irin sitabiláísà fúnra ẹ̀ ló ń bá kọ́nà jà. Irin gígùn kan ni, ó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, ó gba abẹ́ mọ́tò láti ọ̀tún dé òsì, búṣìn rọ́bà méjì ló dì í mọ́ abẹ́ mọ́tò, línkéèjì kọ̀ọ̀kan ló wá so etí ẹ̀ méjèèjì mọ́ ṣọ́ọ̀kì, nínú àwọn mọ́tò míì lower arm, ìyẹn apá irin tó di táyà mú nísàlẹ̀, ni wọ́n so ó mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ya kọ́nà, mọ́tò á fẹ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà kan á wọ inú sókè, èkejì á sọ̀ sílẹ̀, irin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, bó ṣe ń lọ́ yẹn náà ló ṣe ń ta kò ó kí mọ́tò má baà fì jù. Àmọ́ tí táyà méjèèjì bá jọ gun bọ́ńpù pọ̀, irin ò ní lọ́, á kàn yí nínú búṣìn ẹ̀ ni.

Línkéèjì ní tiẹ̀, kó fà kó sì tì ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. Okùn kànga ni ẹ fi wé: tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ okùn tó ti fẹ́ já sí èyí tó ki jù, garawa ò ní tìtorí ẹ̀ gbé omi ju bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí mọ́tò ẹ̀ má fì, sísanra irin ló máa wò. Tẹ́ ẹ bá yọ irin 20 mm, tẹ́ ẹ fi 22 mm tí ìrísí ẹ̀ bá a mu rọ́pò, mílímítà méjì péré lẹ fi kún un o, àmọ́ líle ẹ̀ á fi nǹkan bíi 46% ju ti tẹ́lẹ̀. Kò sí línkéèjì tó lè fún yín nírú ẹ̀, bó ti wù kó wọ́n tó. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé mọ́tò tí táyà iwájú ń fà, tẹ́ ẹ bá fi irin líle síwájú nìkan, ṣe ló máa túbọ̀ ń kọ̀ láti yí ní kọ́nà tẹ́ ẹ bá sáré wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn làwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ wá ń bi ara yín pé kí ló dé táwọn tó ra olówó ńlá fi ń yìn ín. Èyí tó ti kú ni wọ́n yọ! Línkéèjì tó ti jẹ, irin á kọ́kọ́ rìn nínú àlàfo kó tó mú nǹkan kan, tuntun èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀, mọ́tò á le lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn. Ti lásán tuntun ló yẹ kí wọ́n fi wé, wọn ò sì gbìyànjú ẹ̀.

Wàhálà tún wà nínú onírin yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ò ní rọ́bà tó bo orí ẹ̀, eruku ń wọ̀ ọ́, omi ń wọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ tó máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ariwo tẹ́ ẹ sì ń sá fún náà nìyẹn. Àwọn tó sì jẹ́ búṣìn polyurethane, ìyẹn ike líle tó dà bíi rọ́bà, tí gíríìsì ẹ̀ bá ti gbẹ, á máa han bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ẹni tó sọ mọ́tò ẹ̀ kalẹ̀ gan-an ló nílò èyí tó ṣeé yí gùn, torí bí mọ́tò bá ti lọ sílẹ̀ irin á dúró ní wíwọ́, ó lè máa kan shaft tó ń yí táyà, tàbí kí apá kan ti máa fa irin kí wọ́n tó wa mọ́tò rárá. Ẹni tó bá ti fi irin líle sí i tó sì ń bá wọn díje náà, ìyẹn yé mi. Ẹ̀yin kọ́.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ rí i dájú pé òun gan-an ló ń pariwo. Kí táyà iwájú méjèèjì wà nílẹ̀, ẹ yí sítíárìn sí apá kan kí ọwọ́ lè ráyè wọlé, ẹ di línkéèjì mú nítòsí orí ẹ̀, kẹ́ ẹ mì í síwá sẹ́yìn dáadáa. Èyí tó ti kú, ọwọ́ yín á gbọ́ ọ pé tàk, tàk. Ẹ tún wo rọ́bà kékeré tó bo orí ẹ̀, tó bá ti ya tí nǹkan pupa bí ìpẹtà ń jáde níbẹ̀, ó ti parí. Mo máa ń rí i táwọn kan ń fi jáàkì gbé táyà kan ṣoṣo sókè kí wọ́n tó mì í, wọ́n á ní ó le bí òkúta. Á le o, torí táyà kan wà lókè èkejì wà nílẹ̀, irin ti lọ́, ó ti ń fa línkéèjì, àlàfo inú ẹ̀ ò lè hàn. Kí méjèèjì wà nílẹ̀ tàbí kí méjèèjì wà lókè.

Tí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, kí mẹkáníìkì tú línkéèjì méjèèjì, kó so irin yẹn dáadáa kó má baà máa gbá họ́ọ̀sì bíréékì, kó wá rọra wà á díẹ̀ láyìíká ibẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sáré torí mọ́tò á máa fì. Tí ariwo bá dákẹ́, línkéèjì ni tàbí búṣìn irin náà. Tó bá ṣì ń dún, ẹ má ra línkéèjì kankan, ẹ lọ wo orí ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì lower arm.

Méjèèjì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ pọ̀, kí wọ́n sì lo nọ́ọ̀tì tuntun. Ibi tẹ́ ẹ ti máa mọ ẹni tó mọṣẹ́ nìyí: orí bọ́ọ̀tì ẹ̀ ní ihò kékeré tí wọ́n fi ń dì í mú, tí sípánà á wá máa yí nọ́ọ̀tì nìkan. Ẹni tó bá kàn ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ tó ń yí i gìrì-gìrì, bọ́ọ̀tì á máa bá a yí, á fa rọ́bà ya lójú ẹsẹ̀, tuntun yín á kú kẹ́ ẹ tó délé. Bó ṣe yẹ kó fún tó wà nínú ìwé mọ́tò, kí wọ́n tẹ̀ lé e. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó aláínmẹ́ǹtì lọ́wọ́ yín torí línkéèjì nìkan, kò kan bí táyà ṣe dúró rárá.