Ìbéèrè Yín Lórí Kẹ̀kẹ́: Ta Ló Ya Máàpù Yìí, Ṣé Ó Ṣeé Gbọ́kàn Lé?

Lóṣù tó kọjá, mo kọ̀wé nípa àwa tí a yọ̀ǹda ara wa láti máa ya máàpù kẹ̀kẹ́ ológeere fún ìlú London. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e pọ̀ gan-an. Mo ti ṣa àwọn tí mo rò pé ìdáhùn wọn máa wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa irú kẹ̀kẹ́ tó yẹ ní rírà, ẹ fún mi láàyè di oṣù tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11, yóò wọ sẹ́kọ́ńdírì ní oṣù Kẹsàn-án. Ó ní kẹ̀kẹ́ lòun máa gùn láti ilé wa ní Peckham lọ sí ilé ìwé rẹ̀ nítòsí Elephant and Castle. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi máàpù kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ó ní aráàlú ló yà á, kì í ṣe ìjọba. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ta ló yàn wọ́n sí iṣẹ́ yìí? Bí ọ̀nà tí wọ́n yà bá lọ gbé ọmọ mi pàdé bọ́ọ̀sì ńkọ́? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbójútó ọmọ o. N kò ní sọ pé kí ẹ má bẹ̀rù, torí ọmọ yín ni, London sì ni. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ lè gbára lé máàpù àti ibi tí ojú ara yín ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Kò sẹ́ni tó yàn wá. OpenStreetMap ni orúkọ iṣẹ́ náà. Steve Coast, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní University College London nígbà náà, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2004, nítorí pé máàpù Ordnance Survey, iléeṣẹ́ máàpù ìjọba, wọ́n lówó, òfin tó de lílò rẹ̀ sì le. Ẹni tó bá fẹ́ lè forúkọ sílẹ̀, kó sì máa fi ohun tó mọ̀ nípa àdúgbò rẹ̀ kún un. Àṣìṣe lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ṣe àtúnṣe kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó ṣe é wà níbẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí, ẹlòmíràn sì lè dá a padà sí bó ṣe wà. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa yìí, àwa tí à ń gba ọ̀nà náà lọ síbi iṣẹ́ la máa ń wò ó. Bí ẹnì kan bá ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí ibi tí ògiri wà, kì í pẹ́ kí a tó rí i. Láti inú ohun tí a kó jọ náà ni Andy Allan ti ṣe máàpù oníkẹ̀kẹ́ tó ń jẹ́ OpenCycleMap, níbi tí ìlà pupa ti ń fi ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó lọ jákèjádò orílẹ̀-èdè hàn, tí búlúù sì jẹ́ ti àdúgbò.

Bí mo bá jáde, ìwé pélébé kan, pẹ́ńsù, àti tépù àwọn aránṣọ ló máa ń wà lápò mi. Àwọn kan máa ń béèrè ohun tí mo fẹ́ fi tépù ṣe. Òun ni mo fi ń wọn àyè tó wà láàárín àwọn òpó kúkúrú tí káńsù rì sẹ́nu ọ̀nà kí mọ́tò má baà gba ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọ yín á kọjá níbẹ̀ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń fi kẹ̀kẹ́ oníàpótí gbé ọmọ méjì, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò le tó ń gun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lè dé ibẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ há. Bí ìwọ̀n yẹn bá wà lórí máàpù, á ti mọ̀ kó tó kúrò nílé. Mo tún ń kọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, bóyá ọ̀dà ni, tàbí òkúta wẹ́wẹ́, tàbí erùpẹ̀ tó ń di ẹrẹ̀ lásìkò òtútù. Mo ń wo àmì ojú ọ̀nà. Àmì róbótó aláwọ̀ búlúù tó ní ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ nínú túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì jọ ni ibẹ̀. Bí kò bá sí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́ ọmọ yín pé kó má gun orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì. Òfin ọdún 1835 ló kà á léèwọ̀, ó sì ṣì múlẹ̀ dòní.

Òfin tiwa tó ga jù ni pé ohun tó wà nílẹ̀ ni kí a kọ, kì í ṣe ohun tó wù wá. Ẹ wo ọ̀nà abẹ́ odò Thames ní Greenwich, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1902. Àmì ẹnu rẹ̀ ní kí ènìyàn sọ̀kalẹ̀ kó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba ibẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀. Síbẹ̀, "sọ̀kalẹ̀" ló wà lórí máàpù, bó tilẹ̀ ń dun àwọn kan nínú wa. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó wù wá, ìyá bíi tiyín kò ní lè gbà wá gbọ́ mọ́.

Ó kan ọ̀nà ọmọ yín wàyí. Kó má gba títì ńlá Old Kent Road rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peckham Library ni ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Surrey Canal Walk ti bẹ̀rẹ̀. Omi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, kí wọ́n tó dí i ní àwọn ọdún 1970. Nísinsìnyí, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ń gbà á títí dé Burgess Park, láìsí mọ́tò kankan lójú ọ̀nà. Láti Burgess Park lọ síwájú ni ẹ ti nílò àfarabalẹ̀. Ẹ ṣí CycleStreets, ìkànnì tó ń wá ọ̀nà fún oníkẹ̀kẹ́, èyí tí àwọn kan ní Cambridge ṣe, tó sì ń lo máàpù wa. Yóò fún yín ní ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó yá jù, èyí tó pa rọ́rọ́ jù, àti èyí tó wà láàárín wọn. Ẹ mú èyí tó pa rọ́rọ́. Kí ẹ̀yin àti òun jọ gùn ún ní òwúrọ̀ Sátidé kan, kí ẹ sì tún un gùn ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí pé títì tó dákẹ́ ní Sátidé lè kún fún mọ́tò àwọn òbí tó ń já ọmọ sílẹ̀. Ìyẹn kò sí lórí máàpù. Kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, ẹ béèrè ẹ̀kọ́ Bikeability, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn, lọ́wọ́ ilé ìwé tàbí káńsù, kó sì rí i pé òun ṣe ìpele kejì, torí ojú títì gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Áàpù orí fóònù mi ní kí n gba inú Brockwell Park kọjá láti Herne Hill lọ sí Tulse Hill. Mo débẹ̀ ní aago méjì òru, géètì wà ní títì. Mo yí padà nínú òjò. Àwọn tó ya máàpù yẹn kò mọ̀ pé géètì wà ni? (Òṣìṣẹ́ alẹ́, Tulse Hill)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú òtútù òru. Wọ́n mọ̀ pé géètì wà. Ohun tó ṣòro ni àkókò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni wọ́n ń ti Brockwell Park, ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú ní oṣù Kejìlá sì yàtọ̀ pátápátá sí ti oṣù Kẹfà. Àyè wà lórí máàpù láti kọ ọ́ pé ọ̀nà ṣí láti ìlà oòrùn títí di ìgbà tó bá wọ̀, láìkọ aago kankan. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ọ̀nà inú pákì náà, kì í ṣe sára pákì nìkan, kí áàpù tó ń wá ọ̀nà fún yín sì mọ bí a ṣe ń kà á. Áàpù mìíràn kì í ka àkókò rárá. Nítorí náà, bí ó bá ti di alẹ́, ẹ gba títì tó yí pákì ká, kí ẹ sì rí i pé iná funfun wà níwájú kẹ̀kẹ́, iná pupa lẹ́yìn, bí òfin ṣe wí.

Lẹ́tà yín tún kan ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ya máàpù yìí, ọ̀sán òpin ọ̀sẹ̀ la fi ń jáde. Ohun tí ọ̀sán òpin ọ̀sẹ̀ bá fi hàn wá la ń kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú arúgbó lóru, ẹ̀yin tí ẹ ń nu ọ́fíìsì kí ọ̀gá tó dé ní òwúrọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ kiri, ẹ mọ London tí a kò mọ̀. Ẹ mọ òpópónà tí iná rẹ̀ ti kú, ẹ mọ ọ̀nà abẹ́ afárá tí kò yẹ kí obìnrin dá gbà ní aago mẹ́ta òru. Púpọ̀ nínú yín sì jẹ́ ènìyàn wa. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, máàpù ọ̀sán la ó máa fún ẹni tó ń rìn lóru.

Kò gba kí ẹ mọ kọ̀ǹpútà. Áàpù kan wà fún fóònù Android tó ń jẹ́ StreetComplete, ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí ẹ bá dúró sí ló máa bi yín ní ìbéèrè nípa rẹ̀: ṣé iná wà ní òpópónà yìí? Irú ilẹ̀ wo ni? Ẹ tẹ ìdáhùn, ó parí. Ẹ dúró ná kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o, ẹ má tẹ fóònù lórí kẹ̀kẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí ẹ kò kàn fi Google Maps ṣe àwòkọ? Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. (Òǹkàwé, Manchester)

ÌDÁHÙN: Ohun ìní wọn ni, òfin kò gbà á. Bí a bá da ẹyọ òpópónà kan kọ láti ibẹ̀, a ti fi gbogbo iṣẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sínú ewu. Ohun tí ẹni tó ni ín bá fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda la lè lò. Ní ọdún 2019, TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà London, kó àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ kẹ̀kẹ́ ní ìlú náà jáde fún aráyé, ó tó nǹkan bí 240,000, láti orí irin ìdèkẹ̀kẹ́ dé orí àmì ojú títì, pẹ̀lú fọ́tò wọn. Wọ́n gbà kí a lò ó, a sì dúpẹ́. Síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń wò ó kí a tó fi sí orí máàpù, torí títì tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lè ti yí padà láti ìgbà náà.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, orúnkún kò jẹ́ kí n gun kẹ̀kẹ́. Ṣé nǹkan wà tí mo lè ṣe? (Màmá àgbà, Camberwell)

ÌDÁHÙN: Ó wà, mà. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ ka irin ìdèkẹ̀kẹ́ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wò ó bóyá òrùlé wà lórí rẹ̀. Irin kan máa ń gba kẹ̀kẹ́ méjì. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti rẹ etí títì sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ aláìlera lè gùn ún. Ìwé àti pẹ́ńsù tó. Ọmọ-ọmọ yín á bá yín fi sórí máàpù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Bódìjà, nígbà mìíràn a máa ń dé Mọ́kọ́lá. A fẹ́ ya máàpù kẹ̀kẹ́ fún Ìbàdàn. Àwọn kan ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní níbi tí kò ti sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kí la fẹ́ yà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, inú mi dùn sí lẹ́tà yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní Ìbàdàn kí n tó wá síbí, mo sì mọ òkè tí ẹ ń gùn.

Ẹ má ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí kò sí. Ẹ má ṣe é rárá, bó ti wù kó dà bíi pé ó máa mú ìlú yín dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé kò sí ohun tí ẹ lè yà kò tíì gun kẹ̀kẹ́ lọ Mọ́kọ́lá rí. Oníkẹ̀kẹ́ fẹ́ mọ ibi tí ọ̀dà ti parí tí kòtò bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ mọ gọ́tà tí kò ní ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, torí ibẹ̀ ni dáńfó á ti lè é sí. Ó fẹ́ mọ ibi tí búńpù wà, ibi tó ti lè rí ẹni tó ń lẹ táyà, ibi tó ti lè rí omi mu, àti òpópónà inú àdúgbò tó jẹ́ kó yẹ títì ńlá sílẹ̀. Àyè wà fún gbogbo wọn lórí OpenStreetMap, òpópónà Ìbàdàn púpọ̀ sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti òkè kò le rárá: ìlà gíga ilẹ̀ tó wà lórí OpenCycleMap wá láti inú ìwọ̀n tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Amẹ́ríkà wọ̀n láti òkè ayé ní oṣù Kejì ọdún 2000, Ìbàdàn sì wà nínú ohun tí wọ́n wọ̀n. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí òkè Mápó níbẹ̀.

Ẹ má gbìyànjú gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú láti ẹnu géètì yunifásítì dé ọjà Bódìjà, kí ẹ ṣe é délẹ̀délẹ̀. Kí ẹnì kan máa gun kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kejì máa kọ nǹkan nígbà tí ẹ bá dúró. Ẹ tẹ ohun tí ẹ yà sórí bébà, kí ẹ fi han àwọn tó ń lẹ táyà àti àwọn ọlọ́kadà, kí wọ́n sọ orúkọ tí wọ́n ń pe oríta kọ̀ọ̀kan, nítorí ó lè má jẹ́ ohun tó wà lára pátákó. Ẹ fi àmì ohùn sí orúkọ náà, àyè wà fún orúkọ ní Yorùbá. Níbi tí ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá bá wà, ẹ má ya fọ́tò, ẹ kọjá lọ.

Ẹ tún ọ̀nà kan náà gùn lẹ́yìn tí òjò ńlá bá ti dá. Ìlú tí omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 ti ṣẹlẹ̀ kò lè ní máàpù kẹ̀kẹ́ tí kò sọ ibi tí omi ń dúró sí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi nígbà tí apá Bódìjà bá parí.