Ìwé Oníbàárà Tó Ti Pẹ́: Ṣé Kí N Tà Á fún Ẹni Tó Ń Ra Ìwé Àlòkù?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o. Àjọ gbígbà àti owó yíyá ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Sábó, Ìkòròdú, láti ọdún 2014. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ mi, mo máa ń gba ẹ̀dà ìwé NIN rẹ̀, fọ́tò pélébé méjì àti àdírẹ́sì oníduùró rẹ̀. Àwọn ìwé wọ̀nyí ti kún báàgì Ghana-must-go mẹ́ta, eku sì ti fi ọ̀kan ṣe ilé. Arákùnrin kan tó ń ra ìwé àlòkù kiri ti wá ná an, ó ní àwọn alákàrà àti ẹlẹ́pà ni òun yóò tà á fún. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n má tà á, kí n dáná sun ún. Èwo ni kí n ṣe?
Alájọ, Sábó, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú owó olówó. Ẹ má tà á, ẹ má sì tíì dáná sun ún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ra àkàrà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dé. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé fọ́ọ̀mù owó yíyá ni wọ́n fi wé e. Orúkọ obìnrin kan, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti àdírẹ́sì oníduùró rẹ̀ hàn ketekete lábẹ́ òróró. Píìnì tí wọ́n fi kan fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà ní igun, fọ́tò nìkan ni kò sí mọ́. Èmi tí n kò rí obìnrin náà rí ti wá mọ iye tó jẹ àti ẹni tó dúró fún un. Bó bá jẹ́ pé gbájúẹ̀ ló ra àkàrà náà, ó ti rí ohun tí yóò fi pe oníduùró náà lórí fóònù, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ alájọ ló ti ń pè.

Kí ẹ tó pa ohunkóhun run, ẹ kọ́kọ́ ya ìwé owó kúrò lára ìwé ènìyàn. Ìwé owó ni àkọsílẹ̀ àjọ, rìsíìtì àti ìwé gbèsè. Òfin CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó de àwọn kọ́ńpìnì ní Nàìjíríà, ní kí kọ́ńpìnì tó bá forúkọ sílẹ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6. Bí tiyín kò bá tilẹ̀ jẹ́ kọ́ńpìnì, èmi yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lo òǹkà kan náà, nítorí pé ìjà owó kì í tètè tán. Ìwé ènìyàn ni ẹ̀dà NIN, fọ́tò àti fọ́ọ̀mù oníduùró. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, sọ pé a kò gbọdọ̀ tọ́jú irú rẹ̀ mọ́ nígbà tí ìdí tí a fi gbà á bá ti tán. Iṣẹ́ ajé sì ni tiyín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé, nítorí náà ó kàn yín. Ẹ fi ti àwọn tó ṣì jẹ gbèsè sílẹ̀. Ẹni tó ti san tirẹ̀ tán lọ́dún 2017, kí ni ẹ̀dà NIN rẹ̀ ń ṣe lọ́dọ̀ eku?

Ọmọ yín kò sọ ohun tó burú, ṣùgbọ́n ìwé tí a dì pọ̀ kì í jóná tán: etí rẹ̀ ni yóò dúdú, àárín rẹ̀ yóò ṣì ṣeé kà, atẹ́gùn yóò sì gbé èyí tó jó dé ìdajì wọ àgbàlá aládùúgbò.

Omi ni mo fara mọ́. Ẹ yọ píìnì, ẹ fa ìwé náà ya wẹ́wẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ da omi bò ó, kó sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọmọ odó gún un títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ẹ má fo gígún náà o, nítorí pé omi lásán kì í fọ yíǹkì ẹ̀rọ fotokópì kúrò lára ìwé. Fọ́tò àti ohun tí wọ́n ti fi lámínétì bò kò ní rọ̀. Sáàsì ni kí ẹ fi gé wọn, kí ẹ gé ojú ẹni náà àti nọ́ńbà rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀rọ tí ń gé ìwé wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ má ra èyí tó ń gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran lọ́dún 1979, irú ìwé tí a gé báyẹn ni àwọn ará Iran tò padà títí tó fi ṣeé kà. Èyí tó ń gé e ní òró àti ní ìbú ló dára.

Bó bá jẹ́ pé fóònù ni ẹ fi ń ya ìwé NIN báyìí, ẹ yọ káàdì inú rẹ̀ kí ẹ tó tà á, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín dá a padà sí bí ó ṣe wà nígbà tí ẹ rà á, nítorí pé fọ́tò tí a pa rẹ́ lásán ṣeé gbé padà.

Ẹ kò sọ bóyá arákùnrin yìí ti ra díẹ̀ lọ rí. Bó bá ti rà, tí ìwé náà sì lè kó ẹnikẹ́ni sí wàhálà, wákàtí 72 ni òfin fún yín, láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀, láti fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà létí, kí ẹ sì pe àwọn tó ni ìwé náà. Bó bá tún padà wá, páálí àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí ẹ tà fún un.