Kí ló dé tí ìyá àgbà fi ń fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ lẹ́yìn tó bá kan ti ọmọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kétu, tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní Àjàṣẹ́, tó sì ń to ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa mọ ibà, ló béèrè: "Tí ara ọmọ bá ń gbóná, ìyá àgbà wa á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, á tún fi kan ọrùn tirẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Kí ni ìtumọ̀ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn? Ṣé ó ṣì wúlò nígbà tí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru wà?"

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ọwọ́ kò mọ iye. Kò lè sọ pé 38 ni tàbí 39. Ohun tó mọ̀ ni pé eléyìí gbóná ju tọ̀hún lọ. Ìyá ní láti rí ohun tí yóò fi wé e, ara tirẹ̀ ló sì wà nítòsí jù. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n ń lò torí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń yan gàrí ti yi, kì í tètè mọ ooru. Bí ọwọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ nù ún, á fi pa ara títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí gbogbo ara ló ń gbóná lójú ọwọ́ tútù.

Comparator tí o ń tò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iye iná méjì wéra, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. LM35, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru, ń gbé 10 mV (mV kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóltì) jáde fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan: 37 á fún ọ ní 370 mV, 38 á fún ọ ní 380. LM393, ìyẹn comparator náà, á gba iye yìí láti ẹsẹ̀ kan, á gba èyí tí o fi potentiometer (ohun tí a ń yí láti yan iye) yàn láti ẹsẹ̀ kejì, á wo èwo ló ga, iná pupa á tàn tàbí kó má tàn. Ọrùn ìyá ni potentiometer yẹn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà náà bára mu. Bí ibà bá ń ṣe ìyá fúnra rẹ̀, á ní ara ọmọ dáa. Ìdí tí o fi ń gbọ́ "Ẹ bá mi fọwọ́ kàn án wò" nínú agbo ilé nìyẹn. Ọrùn mìíràn ni wọ́n ń wá. Tìrẹ náà, bó bá jẹ́ inú bátìrì 9 V tààrà lo ti fa iye tí o yàn, bí bátìrì bá ṣe ń kú ni iye yẹn á máa wálẹ̀, iná pupa á wá tàn fún ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe. Fi regulator, tí kì í jẹ́ kí iye iná yí padà, sí i, jọ̀ọ́.

LM393 fúnra rẹ̀ sì lè ṣi nǹkan wò tó 5 mV, ìyẹn ìdajì ìwọ̀n kan. Fún ooru yàrá, kò burú. Fún ara ọmọ jòjòló, ó burú. Fi op-amp sọ iye LM35 di púpọ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Ní ti ìyá àgbà, bó bá ní ara ọmọ kò gbóná, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbára lé ju ìgbà tó bá ní ó gbóná lọ, torí ọwọ́ máa ń rí ibà níbi tí kò sí. Tó bá ti ní ó gbóná, ẹ fi tẹmọmẹ́tà wò ó. Bí ọmọ náà kò bá sì tí ì pé oṣù mẹ́ta, tí ó kan 38, ẹ má dúró se àgbo, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.