Bí Òṣìṣẹ́ Ilé Ìtajà Bá Ń Sinmi, Ṣé Dandan Ni Kó Dá Oníbàárà Lóhùn?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé. A ti gé wọn kúrú díẹ̀, a sì ti yọ ohun tó lè fi ẹni tó kọ wọ́n hàn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ilé ìtajà ńlá kan ní Bódìjà, ní ìlú Ìbàdàn, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni a ń wọṣẹ́, aago méje alẹ́ ni a ń jáde, orí ìdúró ni a sì máa ń wà. Wọ́n fún wa ní wákàtí kan lọ́sàn-án láti jẹun kí a sì sinmi, ṣùgbọ́n a kò ní yàrá kankan tí a lè wọ̀. Orí páálí ọjà, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ni a ń jókòó sí, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wa. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti máa ń rí wa, tí wọn yóò sì ní kí a wá bá àwọn wo iye owó mílíìkì, tàbí kí a gbé àpò ìrẹsì dé ìdí ọkọ̀ àwọn. Láìpẹ́ yìí, mo ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí bàbá kan ní kí n wá bá àwọn gbé páálí omi. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé mo wà ní bíréèkì, mo sì na ọwọ́ sí ẹlẹgbẹ́ mi kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n bínú, wọ́n sì lọ fẹjọ́ mi sun máníjà. Máníjà kọ kúẹ̀rì fún mi, ó sì ní òun yóò yọ nínú owó oṣù mi láti fi jẹ mí níyà. Ṣé mo jẹ̀bi? Ṣé ó yẹ kí n pa oúnjẹ tì ni? (Òṣìṣẹ́ ilé ìtajà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ kò jẹ̀bi. Ilé iṣẹ́ yín gan-an ló kọ́kọ́ jẹ̀bi, nítorí pé wọ́n fún yín ní wákàtí ìsinmi láìfún yín ní ibi tí ẹ ó ti sinmi. Oníbàárà tó rí ènìyàn tó wọ aṣọ iṣẹ́ láàárín ọjà kò lè mọ̀, àfi bí wọ́n bá sọ fún un, pé onítọ̀hún ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, bàbá tó pè yín kò ṣe ohun tó burú nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè yín. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé, lẹ́yìn tí ẹ ti ṣàlàyé fún wọn, tí ẹ sì ti fi ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ hàn wọ́n, wọ́n ka àlàyé yín sí àfojúdi.

Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004, sọ ní abala 13 pé òṣìṣẹ́ tó bá ń lo wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní àkókò ìsinmi láàárín iṣẹ́, yálà wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tàbí wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí wákàtí 1. Wákàtí kan tí wọ́n ń fún yín kì í ṣe ọrẹ tí máníjà ta yín, tí ó lè gbà padà bí inú bá ń bí i. Abala yìí kan náà sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ ṣe kọjá iye wákàtí tí wọ́n jọ fẹnu kò sí jẹ́ ofatáìmù. Lójú tèmi, páálí omi tí òṣìṣẹ́ bá gbé nígbà tó yẹ kó máa jẹun wà lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ó yẹ kí wọ́n dá ìṣẹ́jú tó fi gbé e padà fún un.

Kí ni a tilẹ̀ ń pè ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́? Lọ́dún 1930, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ILO, ṣe àdéhùn kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 30 nínú àwọn àdéhùn rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà àti ní ọ́fíìsì. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àkókò iṣẹ́ ni gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà ní ìkáwọ́ agbanisíṣẹ́, àti pé àkókò ìsinmi ni ìgbà tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Bí máníjà bá lè pè yín dìde nínú wákàtí yẹn nígbàkúùgbà tó bá wù ú, tàbí bí oníbàárà èyíkéyìí bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì gba kúẹ̀rì nítorí pé ẹ kò dìde, a jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ náà lẹ ṣì wà, ìjókòó lásán ni wọ́n gbà yín láyè láti jókòó. Nínú wákàtí kan náà ni òṣìṣẹ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí yóò ti ṣe àlùwàlá tí yóò sì kírun Àílà, inú rẹ̀ ni ìyálọ́mọ yóò ti pe ilé láti mọ̀ bóyá ọmọ ti jẹun, inú rẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti òwúrọ̀ yóò ti rí ìtura díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1899 ni wọ́n ti ṣe òfin pé kí àwọn ilé ìtajà pèsè ìjókòó fún àwọn obìnrin tó ń bá wọn tajà, àga kan fún obìnrin mẹ́ta, nítorí wọ́n ti rí ohun tí ìdúró àtàárọ̀ dalẹ́ ń ṣe fún ara. Ó ń dùn mí pé lónìí, orí páálí ni ẹ̀yin ń jókòó sí.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò sọ. Wọn yóò ní, “Ìyá aláta tó wà nínú ọjà Bódìjà níbẹ̀ yẹn ńkọ́? Bó bá ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ tí oníbàárà dé, kíá ni yóò ṣan ọwọ́ tí yóò sì dìde.” Òótọ́ ni, mo sì bọlá fún un. Ṣùgbọ́n ta ló ni èrè orí ata yẹn? Ìyá aláta ni. Bó bá wù ú, ó lè ní kí oníbàárà ní sùúrù kí òun jẹ òkèlè tó kù tán, bó bá sì pa oúnjẹ tì láti tajà, àpò rẹ̀ ni owó náà ń wọ̀. Òun ni ọ̀gá ara rẹ̀, òun ló sì ń pinnu ìgbà tí òun yóò sinmi. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù kò ní irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kọ́bọ̀ kan kò sì ní lé sí owó oṣù rẹ̀ nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ tutù. Wákàtí kan ṣoṣo yẹn ni ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nínú gbogbo ọjọ́ náà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí òṣìṣẹ́ di ojú sí ohun gbogbo. Bí ẹnìkan bá dákú láàárín ọjà, bí ọmọ kékeré bá ń sunkún nítorí pé kò rí ìyá rẹ̀ mọ́, tàbí bí òórùn iná bá ń jáde láti ibì kan, kò sí ẹni tí yóò máa ka ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wa, ẹ̀dá ènìyàn tí a jẹ́ ni. Bó bá sì ti ọkàn òṣìṣẹ́ wá láti ran ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ nígbà ìsinmi rẹ̀, kò sí òfin tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀rù ni pé àánú tí ẹnìkan ṣe lónìí, bí ọ̀gá bá ti rí i, kì í pẹ́ tó fi ń di ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ tó kù. Ẹni tó bá ṣe é, kó rí i dájú pé wọ́n dá àkókò rẹ̀ padà fún òun.

Ní ti kúẹ̀rì yẹn, ẹ má ṣe fi ìbínú dáhùn, ẹ má sì ṣàìdáhùn. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé inú wákàtí ìsinmi yín lẹ wà, ẹ sì kọ orúkọ ẹlẹgbẹ́ yín tí ẹ darí oníbàárà sí. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Ní ti owó tí wọ́n fẹ́ yọ, abala 5 Òfin Iṣẹ́ kò fàyè gba agbanisíṣẹ́ láti yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fa àdánù, wọ́n lè yọ owó ohun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin kò ba ohunkóhun jẹ́. Ẹ má ṣe buwọ́ lu ìwé kankan tó sọ pé ẹ gbà kí wọ́n yọ owó yín. Ẹ tún béèrè ìwé tó sọ bí iṣẹ́ yín ṣe rí, ìyẹn iye wákàtí iṣẹ́ àti owó iṣẹ́. Ó yẹ kí ìwé yìí tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó pé oṣù 3 lẹ́nu iṣẹ́. Bí máníjà bá ṣorí kunkun, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tàbí kí ẹ kàn sí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà, NUSDE. Ilé-ẹjọ́ tó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí lè parí kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìtajà, tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, yàrá kékeré kan tó ní ìlẹ̀kùn àti àga mélòó kan kò lè kó yín sí gbèsè. Bí kò bá sí àyè rárá, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń sinmi bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀ kó sì jáde lọ síbi tó bá wù ú. Ẹ sì ṣètò kí ìsinmi wọn má bọ́ sí àkókò kan náà, kí ẹni tí yóò dá oníbàárà lóhùn lè wà nílẹ̀ nígbà gbogbo.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bá àwọn ọmọ tó ń tajà sọ̀rọ̀. Mo wọ ilé ìtajà kan ní Abẹ́òkúta, mo sì béèrè ibi tí wọ́n kó ọṣẹ sí lọ́wọ́ ọmọdébìnrin kan tó jókòó tó ń tẹ fóònù. Kò gbójú sókè wò mí. “Bíréèkì ni mo wà,” ló ní. Mo lè bí i lọ́mọ. Ṣé nítorí ìsinmi ni ènìyàn kò ṣe ní ní ẹ̀kọ́ ilé? (Ìyá oníbàárà, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ má bínú, Mà. Ó yẹ kí ọmọ náà gbójú sókè, kó kí yín, kó sì sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ Mà, mo ń sinmi lọ́wọ́ ni, arákùnrin tó wà nídìí owó yẹn yóò fi hàn yín.” Gbólóhùn kan yìí kò gba nǹkankan lára ìsinmi rẹ̀, àwọn àgbà sì sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn kọ̀ láti ṣiṣẹ́ àti kí ó kọ̀ láti bọ̀wọ̀ fún ẹni tó dojú kọ ọ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, èkejì kò jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Nílẹ̀ wa, bí a bá bá ènìyàn nídìí oúnjẹ, yóò ní kí a wá jẹun, àwa náà yóò sì dáhùn pé á gba ibi ire, a ó sì fi í sílẹ̀ kó jẹun. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, àgbà tó fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́, tó sì rí i pé ó ń jẹun, máa ń ní kó jẹun tán ná. Ó yẹ kí a máa gbé ìwà yìí dání wọ ilé ìtajà. Bí a bá rí òṣìṣẹ́ tó jókòó tó ń jẹun tàbí tó ń sinmi, ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tó wà lórí ìdúró. Bí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí, ọ̀dọ̀ máníjà ni kí a ti lọ béèrè ìdí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣọ́ọ̀bù kan ní Peckham, ní London, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Èmi nìkan ló ń wà níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀gá mi, tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ní kí n máa ka ìgbà tí oníbàárà kò bá sí sí bíréèkì mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí? (Ọmọ yín ní London)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ìlànà àkókò iṣẹ́ ti ọdún 1998 tó wà níbẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 6 lọ lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ìṣẹ́jú 20 tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já lu, ó sì lè kúrò nídìí iṣẹ́ láti lò ó. Lọ́dún 2004, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn níbẹ̀ dá ẹjọ́ kan tó jẹ mọ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ sínú ọkọ̀ òfurufú, tí agbanisíṣẹ́ wọn ní àlàfo tó máa ń wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì ni ìsinmi wọn. Ilé-ẹjọ́ kò gbà. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìsinmi ni òun wà, kó sì lè lo àkókò náà bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà pé oníbàárà lè wọlé nígbàkúùgbà kò sí nínú irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá ọ̀gá yín sọ ọ́, ẹ sì dábàá pé kí wọ́n wá dúró fún yín fún ogún ìṣẹ́jú, tàbí kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ṣọ́ọ̀bù yóò ṣí padà láìpẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ pe Acas, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ nímọ̀ràn níbẹ̀, wọn kì í gba owó kí wọ́n tó fún ènìyàn nímọ̀ràn. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó pè, nítorí àkókò tí òfin fún òṣìṣẹ́ láti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kò gùn.